Gbogbo Fáànù Ń Fẹ́ Sínú

Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì jókòó, torí tí ẹ bá ti jókòó báyìí, ẹ ó ní kí n fara balẹ̀, n kò sì ní ìfarabalẹ̀ kankan tí mo fẹ́ fún ẹnikẹ́ni lónìí. Mo mọ ohun tó gbé yín wá. Àbúrò yín ló pè yín. Ó ní ìyàwó òun ti fẹ́ ya wèrè, àbí? Ó ní n kì í dá òun lóhùn mọ́, pé nítorí fáànù lásán. Fáànù lásán! Ẹ wò ó, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín n kò gbé ohùn sókè sí yín rí, ṣùgbọ́n lónìí ẹ máa gbọ́ ọ láti ẹnu mi, kí ẹ tó bá mi sọ pé kí n gbàgbé ẹ̀.

Aránṣọ ni yín. Ẹ̀yin ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ yé. Ṣé kì í ṣe aṣọ tó wà lọ́rùn yín ni oníbàárà ń wò kó tó gbé tirẹ̀ fún yín? Èmi, kọ̀ǹpútà ni mò ń tò. Mo ń ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń dè é pọ̀, kó lè gbé iṣẹ́ tó wúwo, fún àwọn tó ń gé fíìmù, fún àwọn tó ń ya àwòrán ilé. N kò ní ṣọ́ọ̀bù. Pálọ̀ yìí ni ṣọ́ọ̀bù mi, kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì yẹn, tó ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun ni mo fi ń polówó ara mi. Ẹni tó bá wá, òun ni mo máa tàn fún un, màá ní ẹ wò ó, ọwọ́ mi nìyí.

Ẹ wá. Ẹ súnmọ́ ọn, kò ní jẹ yín. Ẹ wo àwọn fáànù mẹ́ta tó wà níwájú yìí, afẹ́fẹ́ tútù ni wọ́n ń fà wọlé. Ẹ wo ọ̀kan tó wà lẹ́yìn, òun ń lé èyí tó ti gbóná jáde. Ẹ wo òkè, nǹkan pẹlẹbẹ yẹn, rédíétọ̀ ni, bíi ti mọ́tò gan-an, omi ló ń gba inú rọ́bà dúdú méjì yìí lọ bá ibi tó gbóná jù nínú ẹ̀rọ, á gbé ooru ibẹ̀ gòkè wá síbí, fáànù méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì fẹ́ ooru yẹn jáde. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó gba iwájú wọlé, kó gba ẹ̀yìn àti òkè jáde. Ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé, ṣé ẹ lè dáná níbẹ̀? Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tí ẹ ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, ó ti yé yín.

Ó yé àbúrò yín náà! Ìyẹn ló ń dùn mí dé egungun. Ọjọ́ tí mo ń tò ó, òun ló di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi, gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí ni mo sọ fún un, ó ní "ẹn-ẹ́n, ẹn-ẹ́n." Àga rẹ̀ nìkan ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ wo àga yẹn, ẹ̀yìn tábìlì ló wà, ibẹ̀ ni ọ̀gá ti ń wo bọ́ọ̀lù. N kò parọ́, tí iṣẹ́ bá wúwo lórí ẹ̀rọ, ooru ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń kan orúnkún ẹni tó bá jókòó síbẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó sún àga. Kó sún àga, ẹ̀gbọ́n mi, bí ìgbọ̀nwọ́ kan péré. Ó ní àga òun kì í sún, ibẹ̀ lòun ti ń rí tẹlifíṣọ̀n dáadáa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Èmi ò mọ̀ pé ọjọ́ tí mo jáde lọ rajà, ọkùnrin yìí gbé síkúrùdíráfà mi, ó tú fáànù ẹ̀yìn, ó yí ojú rẹ̀ sínú, ó dè é padà. Ara tù ú. Nígbà tí ooru wá rí òkè nìkan gbà jáde, tó ń lọ bá a lójú, ó tún dìde, ó yí méjì òkè náà. Gbogbo wọn wá ń fẹ́ sínú. Iwájú ń fẹ́ sínú, ẹ̀yìn ń fẹ́ sínú, òkè ń fẹ́ sínú, ooru tó wà nínú ẹ̀rọ ò rí ọ̀nà lọ, omi tó yẹ kó tutù ń gbé ìgbóná yí ká bí ẹni tó ru ẹrù tí kò ríbi sọ̀ ọ́ sí. Kò sọ fún mi. Ó padà sórí àga, ó ń wo bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin náà bi mí nígbà yẹn pé ṣé ara mi ò yá ni, tí mo rù báyìí. Ẹ ti gbàgbé? Ẹ̀rọ tí kì í gbóná wá ń gbóná, n kò sì mọ ìdí ẹ̀. Mo nu eruku. Mo nu lẹ́ẹ̀ tó ń gbé ooru fún omi kúrò, mo fi tuntun sí i. Mo gbé etí sí i bóyá atẹ́gùn ti há sínú omi. Ṣùgbọ́n fáànù tí mo fọwọ́ ara mi dè, kí ni n óò máa yẹ ìyẹn wò fún? Ta ló ń ka eyín ẹnu rẹ̀ láràárọ̀? Ó wá kù sí pé mo ń wo ọwọ́ ara mi, mo ní ṣé ọwọ́ yìí ni kò mọ iṣẹ́ mọ́ ni. Òun náà ń wò mí látorí àga. Ó ní, pẹ̀lẹ́, ìyàwó mi.

Ẹ dúró, a ò tíì dé ibẹ̀. Ọkùnrin tó nilé tí wọ́n ti ń gé fíìmù wá síbí, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì. Ẹ̀rọ tó máa kún odindi yàrá ló ń wá, ẹ̀gbọ́n mi, irú iṣẹ́ tí mo ti ń fi àdúrà tọrọ láti ọjọ́ yìí wá. Ó gbé iṣẹ́ tirẹ̀ dání, ó ní kí n jẹ́ kí ẹ̀rọ mi gbé e wò. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ń ké, ó ń ké, kí n tó ṣẹ́jú, ojú ẹ̀rọ ṣú dùdù. Mo tàn án. Ó tún kú. Ọkùnrin yẹn ò bínú, ó kàn ń wo ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni àbúrò yín la ẹnu rẹ̀, lórí àga, ẹsẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Ẹ fetí sílẹ̀ o. Ó ní, "Mo ti ń sọ fún un pé kó jẹ́ kí ògbóǹtarìgì máa bá a wò ó."

Ògbóǹtarìgì. Èmi! Nínú ilé mi, níwájú oníbàárà mi, lẹ́nu ẹni tó yí fáànù, tí afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ orúnkún rẹ̀ wọlé bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́!

Àwọn òṣìṣẹ́ méjì yẹn wo ara wọn. Ọ̀gá wọn ní a ó máa gbúròó ara wa. Mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, mo padà wọlé, mo tún tan ẹ̀rọ, mo ya bébà ìnuwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo gbé e sẹ́yìn ẹ̀rọ. Ó yẹ kó máa fẹ́ lẹ́lẹ́ síta. Ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́, afẹ́fẹ́ ń fà á sínú. Mo gbé e lé òkè ẹ̀rọ, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Mo wá bẹ̀rẹ̀, mo wo síkúrù, ojú ọ̀kan ti fá. Èmi kì í fá ojú síkúrù, ẹ̀gbọ́n mi. Mo yíjú sí àga, mo rí i, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ṣebí fáànù ni fáànù. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Kí lẹ wí? Pé kò mọ̀ọ́mọ̀? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Ooru ń mú un, kò mọ ohun tó máa dà. Ká ní ó dákẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, ká ní ó kàn dákẹ́, Ọlọ́run ń gbọ́, ǹ bá ti bínú lọ́sàn-án kó tó di alẹ́ ì bá ti tán nínú mi. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá bá yín gé aṣọ oníbàárà sódì, tó tún wá dúró ti oníbàárà pé òun ti ń sọ fún yín kí ẹ lọ kọ́ṣẹ́, kí lẹ máa ṣe? Mo mọ̀ yín, ẹ máa ti fi sísọ́ọ̀sì lé onítọ̀hún.

Lánàá ni ẹnì kan tó ti ní kí n tò tirẹ̀ ránṣẹ́ pé kí n ṣì dúró ná. Ó ní òun gbọ́ pé tèmi gan-an ń kú lójú àlejò. Ibi tó dé nìyẹn. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́, ó ń ṣàn káàkiri ìgboro. Mo wá bẹ àbúrò yín, èmi tí wọ́n ṣẹ̀, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó bá mi dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin onífíìmù yẹn, kó sọ bó ṣe jẹ́. Ó ní ojú máa ti òun. Ojú! Tèmi ńkọ́, ṣé igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ?

Ẹ ní ẹ̀yin ó bá mi lọ dípò rẹ̀? Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní rógun ọmọ, ṣùgbọ́n ẹnu yín kọ́ ló sọ ọ́. Fáànù, mo ti yí wọn padà, kò gbà mí ní nǹkan kan. Ẹnu tó bà mí jẹ́ níwájú àlejò, síkúrùdíráfà wo ni mo fẹ́ fi yí ìyẹn? Àfi kí ẹni tó ni ẹnu fọwọ́ ara rẹ̀ yí i.

Baálé mi, ẹ má sá pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì mọ́, mò ń rí bàtà yín. Ẹ máa bọ̀. À ń lọ nísinsìnyí, ẹ̀gbọ́n yín ló máa ṣíwájú. Tí a bá débẹ̀, níwájú ọ̀gá yẹn àti àwọn méjì yẹn, gbólóhùn kan péré lẹ máa sọ: "Èmi ni mo yí i." Ẹ kọ́kọ́ fi dánra wò níbí, lójú ẹ̀gbọ́n yín.

Kí lẹ sọ? N kò gbọ́. Ẹ sọ ọ́ sókè.