Ihò Tó Wà Lára Fẹ́ǹsì Mi

Nígbà tí orúnkún mi ṣì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, nígbà tí mo lè fi ẹsẹ̀ rìn láti Ajah dé Ìlàsan kí n má sinmi, omi pọ̀ níbí ju ilé lọ. Rofiat, gbé fóònù yẹn sún mọ́ mi... Ṣé ó ti ń gba ohùn mi sílẹ̀? Ó dáa.

Ìwọ ọmọ àbúrò mi, àti ọkọ rẹ Kàmọ́rù tó jókòó yìí, ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́lé tí ẹ ó fi háyà. Ẹ mú púláànù wá, ẹ ní kí n ṣàdúrà sí i. Mo ti wò ó. Fẹ́ǹsì yí i ká pátápátá, ìlẹ̀kùn irin, irin lójú gbogbo fèrèsé. Mo ní ìbéèrè kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí èmi fúnra mi ṣe. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Pákó ni mò ń tà lọ́jọ́un. Ilẹ̀ tí mo rà, ẹrọ̀fọ̀ ni. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jà: "Àlàájà, ṣé ọkọ̀ ojú omi lẹ fẹ́ fi pákó yín kàn síbẹ̀ ni?" Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Típà ń da yanrìn, mò ń gbá a tẹ́. Mo kọ́ yàrá mẹ́jọ. Ayé ìgbà yẹn, onílé mọ ayálégbé rẹ̀. Kí n tó fún ọ ní yàrá, n ó bi ọ́ pé ta ni mo máa pè bí ara rẹ kò bá yá. Lónìí ńkọ́? Ní Lẹ́kkí Phase 1 níbẹ̀ yẹn, èèyàn á gbélé títí, kò ní mọ ojú onílé. Èjẹ́ńtì ló mọ̀. Ṣé bí a ṣe ń ṣe nìyẹn?

Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń fi yàrá háyà fún àwọn apẹja ní Eleko. Ó máa ń sọ fún mi pé: "Kí o tó fi yàrá fún ẹnikẹ́ni, ìwọ fúnra rẹ kọ́kọ́ sùn níbẹ̀ nígbà òjò." Mo gbọ́. N kò ṣe é.

Ẹ gbọ́ o. Lẹ́yìn ilé mi, omi ní ọ̀nà tóóró kan tó ń gbà lọ sí ọ̀sà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á gbẹ, ewúrẹ́ á máa sùn síbẹ̀. Ibẹ̀ ni olè gbà wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí mi! Mo pe bíríkìlà, mo ní kó gbé fẹ́ǹsì gba orí ọ̀nà omi náà kọjá, kó dí i pa. Mo pe Mùfú wẹ́dà, mo ní kó jó irin mọ́ gbogbo fèrèsé. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, mo rìn yí ilé mi ká. Mo ní, "Kí olè tún wá!"

Aránṣọ kan ń gbé yàrá ẹ̀yìn, Ìyá Dámi, òun àti bàbá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò gbé mọ́. Onísùtánà ni obìnrin náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, kò wọ bàtà, ó kúnlẹ̀. "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ojú omi yẹn. Bí òjò ńlá bá rọ̀, omi á bò wá."

Mo wo sùtánà, mo wo ẹsẹ̀ lásán. Mo ní, "Ìyá Dámi, Mùsùlùmí lèmi o. Gbé ìran yẹn padà sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó ní, "Àlàájà, kì í ṣe ìran. Ojú mi yìí ni mo fi rí i. Omi àná ò lọ, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi."

Ṣé mo lọ wò ó? N kò lọ. Mo rò pé á ní kí n ra àbẹ́là. Òótọ́ ló ń sọ fún mi, aṣọ ọrùn rẹ̀ ni mò ń wò.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, òjò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kò dá. Ìyá Dámi ti gbé aṣọ oníbàárà lọ sí Jakande. Ọ̀sán ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán nínú yàrá mi níwájú, níbi tí ilẹ̀ ti ga. Mo gbọ́ ohùn.

"Àlàájà... Àlàájà o... omi ti dé orí bẹ́ẹ̀dì mi."

Bàbá arúgbó náà ni. Kò pariwo. Ó ń pè mí bí ẹni tí kò fẹ́ yọni lẹ́nu.

Mo sáré lọ pa iná níbi mítà, nítorí ìsàlẹ̀ ni mo ní kí wọ́n ri sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́... Ẹ gbé tiyín sókè o, ẹ má gbàgbé. Mo dé ẹ̀yìn, omi mù mí dé ìbàdí. Ìlẹ̀kùn yàrá bàbá náà, irin ni, ìta ló sì ń ṣí sí. Omi ti tẹ̀ ẹ́ pa. Mo fà á, fà á, kò mira. Mo figbe ta. Àwọn ọkùnrin tó ń ti mọ́sálásí bọ̀ rọ́ wọlé, Mùfú wà nínú wọn. Ó di irin fèrèsé mú, ó mì í títí. Ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Àlàájà, mo jó o dáadáa."

Bàbá na ọwọ́ láti inú, ó di irin náà mú. Omi ti dé àyà rẹ̀.

Ìgbà náà ni Ìyá Dámi dé. Kò bú mi. Ó kàn wò mí, ó ní, "Àlàájà, fẹ́ǹsì."

Mùfú ti gbé òòlù ńlá. Ó ní, "Ṣé ká wó o?"

Ẹ gbọ́, n kò ní purọ́ fún yín. Mo dákẹ́. Kò pẹ́, bí ẹni mí lẹ́ẹ̀mejì. Mò ń ro olè. Mò ń ro búlọ́ọ̀kù mi. Èèyàn ń kú lọ lójú mi, fẹ́ǹsì ni mò ń rò! Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń dùn mí dòní.

Mo ní, "Ẹ wó o! Ẹ wó o!"

Wọ́n lù ú, lù ú. Búlọ́ọ̀kù kan yẹ̀, omi fúnra rẹ̀ ló wó ìyókù, ó sì hó lọ sí ọ̀sà. Omi ilẹ̀ fà díẹ̀díẹ̀, ìlẹ̀kùn wá ṣí. Wọ́n fi pákó mi gbé bàbá jáde. Ó ń gbọ̀n. Ó rí mi, ó ní, "Àlàájà, ẹ ṣeun o." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ká ní ó ṣépè ni, ìbá sàn fún mi.

Ihò yẹn ṣì wà níbẹ̀. Irin ni mo tò sí ojú rẹ̀, omi á kọjá, olè ò ní lè kọjá. Irin fèrèsé kan ní yàrá kọ̀ọ̀kan ń ṣí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ayálégbé nínú ilé. Bí ayálégbé bá sì ní nǹkan ò dáa, n kì í wo aṣọ ọrùn rẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni mò ń lọ wò.

Áà, ayé ti yí. Yanrìn ti bo gbogbo ẹrọ̀fọ̀, ilé alájà ti hù sórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí ọ̀nà omi mọ́. Ṣé òjò ti yí padà ni?

Ìbéèrè mi wá nìyí. Nínú púláànù yín yìí, ibo ni omi máa gbà jáde? Ibo ni arúgbó máa gbà jáde? Ẹ fi ìka hàn mí... Ẹ ò rí i, àbí? Kàmọ́rù, mú bírò.

Bí ẹ bá sì kọ́ ọ tán, ẹ má tíì pe èjẹ́ńtì. Ẹ dúró de òjò. Ẹ tẹ́ ẹní mi sí yàrá ẹ̀yìn. Èmi tí orúnkún kò gbé mọ́ yìí ni n ó kọ́kọ́ sùn níbẹ̀, ká wo bí ẹ ó ṣe gbé mi jáde.