Omi Nìkan Kò Yó Kòkó

Nígbà tí kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ìhà Ẹ̀gbẹ́dá, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé kan àti ìyá àgbà kan níbi tí a ti tò láti pọn omi ìsun.

“Ìyá, nítorí ikán, n kò gbin kòkó mi sílẹ̀. Igi jíjẹrà ni mo rún sínú agbọ̀n tí mo so kọ́ sókè, ibẹ̀ ni mo gbìn ín sí. Láràárọ̀ ni mò ń bomi rin ín, síbẹ̀ ewé rẹ̀ ń pọ́n. Ìyá mi tó fún mi léso rẹ̀ ti kú.”

“Ọmọ mi, kí ló wà nínú igi jíjẹrà tí kòkó máa jẹ? Baálé mi, tí wọ́n gbin kòkó sínú agbọ̀n bíi tìrẹ, máa ń rẹ ìgbẹ́ ewúrẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn á sẹ́ ẹ, wọn á bu omi là á dáadáa. Ọrọọrún ni wọ́n ń bù ú sí ìdí kòkó wọn. Kí wọ́n tó bomi rin agbọ̀n kan, wọn á kọ́kọ́ ti ìka bọ̀ ọ́. Wọ́n ní àwọn ń bi í bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.”

“Ṣé wọ́n jẹ èrè rẹ̀?”

“Wọn ò rí èso kan kí wọ́n tó kú.”

Ìyá àgbà náà gbé ìkòkò òfìfo rẹ̀.

“Mú mi lọ wò ó. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ mi ti kan ọmọ kòkó.”