Bí Mo Ṣe Di Ẹrù Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kà á, nítorí àbúrò mi obìnrin tó wà ní Ṣábẹ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti gbọ́. Olórí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa náà pè mí sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, ó gbá ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìyá Àgbà, ṣé ó dáa báyìí? Irú yín ló yẹ kí ayé máa wò nínú mọ́tò tí ń sá eré, tí gèlè yín ń fò lọ nínú ẹrẹ̀?" Mo tẹrí ba bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn wọ inú eegun. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín o, ẹ má sọ fún un: inú mi lọ́hùn-ún ni mo ti ń rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ ìtìjú ló yẹ kó wá bá mi gbé, ó ti wá ilé mi tì. Ayọ̀ ló kún ibẹ̀, kò sí àyè. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ ná, kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Arzèkè níhìn-ín ní Parakou. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ni ó ra ọkọ̀ Faransé kékeré kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílé nígbà tí Dàhòmì gba òmìnira. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkùnrin yẹn fẹ́ràn ọkọ̀ náà! Ìyàwó Kékeré ló sọ ọ́. Bí ó bá fi aṣọ nù ún tán láàárọ̀, yóò yí i ká, yóò máa wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Èmi náà kò pè é ní mọ́tò rí. Orogún mi ni mò ń pè é. Ṣùgbọ́n orogún tí ń ṣiṣẹ́ ni. Òun ló ń kó ìdì aṣọ mi láti ibùdókọ̀ ojú irin wá sí ọjà. Nítorí àwọn ìdì yẹn, ọkọ mi yọ ìjókòó ẹ̀yìn kúrò pátápátá kí àyè lè wà. Ó tún gbé e lọ sí àdúgbò Zongo, sọ́dọ̀ Séídù tí ń tún mọ́tò ṣe, ó ní kí ó fi kún àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra lábẹ́ ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní láàmù, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà máa wọ́lẹ̀ bí ẹrù bá pọ̀. Ìjókòó tó yọ, mo ní kí wọ́n gbé e wá sí ìsọ̀ mi. Mo fi aṣọ aláràbarà bò ó, àwọn oníbàárà sì ń jókòó lé e bí ìjòyè. Ọ̀rẹ́ mi Ìyá Kétu, tí ń ta ìlẹ̀kẹ̀ níwájú mi, kúkú sọ ọ́ di tirẹ̀. Bí oòrùn bá ti yẹ̀ báyìí, ó ti wà lórí rẹ̀ nìyẹn, yóò nasẹ̀, yóò máa pe àwọn tó ń kọjá.

Ẹni tí ọkọ mi kọ́ ní ọkọ̀ wíwà ni Àṣàkẹ́, ọmọ-ọmọ wa obìnrin, tí àkọ́bí wa ọkùnrin bí. Kò wá ẹlòmíràn. Ọmọ náà ń wa orogún mi pẹ̀lú ìdì aṣọ tó kan òrùlé, yóò gba àárín àwọn alábàárù àti kẹ̀kẹ́ kọjá, kò ní fara kan ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọkọ mi kú, òun ló ń bá mi kó ẹrù lọ. Mo rò pé bí ayé mi yóò ṣe máa lọ nìyẹn.

Ọkọ ti kú, ẹbí wà láàyè. Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Titirou, a kàn ń pè é ní Bàbá Titirou, kó àwọn àgbà ẹbí wá sílé mi. Wọ́n mu omi tán, ó ní, "Ìyàwó wa, a dúpẹ́ pé ẹ tọ́jú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ọkùnrin ló ń jogún mọ́tò. Mátíà ọmọ mi ti ń retí rẹ̀." Kí n tó lanu, Àṣàkẹ́ ti kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mò ń wà á."

Bàbá Titirou rẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Ẹrù lò ń kó, Àṣàkẹ́. O ò tíì wa ọkọ̀."

Ẹ wo ọ̀rọ̀! Ó dun ọmọ náà débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n dán òun wò. Ohun tí bàbá yẹn ń dúró dè gan-an nìyẹn. Ó ní, "Ó dáa. Ọjọ́ àjọ̀dún òmìnira ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Lọ bá wọn sáré ní pápá. Bí o bá ṣe ipò kìíní ní ọ̀wọ́ tí wọ́n bá fi ọ́ sí, ọkọ̀ di tìrẹ, a kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi mọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó máa bọ̀ ní Titirou." Àwọn àgbà ní kò burú. Èmi náà, aláìmọ̀kan, mo ní kò burú.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé eré náà fún yín. Àwọn akọ̀wé, àwọn tíṣà Faransé àti ọmọ àwọn oníṣòwò ló máa ń kó ọkọ̀ wọn lọ sí pápá gbalasa kan lẹ́yìn ìlú. Wọn kì í sáré pa pọ̀ o. Wọ́n á ri igi tí wọ́n kùn lẹ́fun mọ́lẹ̀ káàkiri, ọkọ̀ kan á wọlé, yóò máa yí igi ká, yóò kọrí síhìn-ín, yóò kọrí sọ́hùn-ún, wọ́n á máa wo aago. Ẹni tó bá yára jù ló borí, ṣùgbọ́n bí o bá wó igi, wọ́n á fi kún àkókò rẹ. Ìgbà méjì lẹnìkọ̀ọ̀kan ń wọlé, èyí tó dára jù ni wọ́n ń kà. Gbogbo ọkọ̀ kọ́ ni wọ́n sì ń kà pọ̀. Ọ̀wọ́ kan wà fún ọkọ̀ tó ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é. Ọ̀wọ́ kejì wà fún èyí tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀. Bí o bá yọ nǹkan kúrò tàbí o fi nǹkan kún un, ì báà ṣe nítorí ẹrù aṣọ, o ti kúrò ní ọ̀wọ́ kìíní nìyẹn. O ti di ẹgbẹ́ àwọn tó ti tún ẹ́ńjìnnì wọn ṣe títí ó fi ń bú ramúramù. Mátíà máa ń lọ wòran níbẹ̀, ó mọ òfin yìí, bàbá rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ ti wá rí ibi tí ọkùnrin yẹn gbé pàkúté rẹ̀ sí?

Ọjọ́ tí a gbé ọkọ̀ lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ni a tó mọ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣètò náà, ọmọ Bàrìbá tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, máa ń gbé fèrè sọ́rùn, nítorí náà Músíọ̀ Onífèrè ni à ń pè é. Ó fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀, ọkọ̀ kò mì. Ó yọjú wo inú.

"Ìjókòó ẹ̀yìn dà?"

Àṣàkẹ́ ní, "Ó wà lọ́jà, Músíọ̀."

"Kí ló ń ṣe lọ́jà?"

"Ìyá Kétu ló jókòó lé e."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí fèrè fi ń mì jìgìjìgì lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní bó ṣe wà yìí, ọ̀wọ́ kejì ni. Bí a bá yọ láàmù tí a fi kún un, tí a sì dá ìjókòó padà kí ọjọ́ eré tó pé, òun yóò fi wá sí ọ̀wọ́ kìíní. Mo ní aṣọ tí mo fi bo ìjókòó ńkọ́? Ó ní aṣọ kì í mú ọkọ̀ sáré, kí n fi í sílẹ̀.

Bí a ṣe gba Zongo lọ nìyẹn. Séídù wo ọkọ̀, ó wò mí, ó kí mi ní èdè tiwọn, ó ní, "Fòfó, Ìyá. Gbogbo ìlú ló ń ní kí n fi kún un, ẹ̀yin ní kí n yọ ọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí orogún yín padà di ọmọge ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó ṣe é ní ọmọge, ọkọ tuntun ń bọ̀. Ti Séídù rọrùn. Ti Ìyá Kétu ló le! Nígbà tí àwọn alábàárù dé láti gbé ìjókòó, ó rọ̀gbọ̀kú lé e, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Ó ti mọ́ ìdí mi lára! Ẹ gbé èmi náà sínú mọ́tò!" Gbogbo ìsọ̀ ń pariwo. Àfìgbà tí mo sọ fún un pé bí ìjókòó yìí kò bá padà, ọkọ̀ ń lọ sí Titirou, ló tó dìde. Ó dìde kíá. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọn eruku rẹ̀ nù, ó ní, "Ẹ gbé e, ẹ má jẹ́ kó fàya."

Ọjọ́ àjọ̀dún pé. Òjò ti rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí ilẹ̀ pupa, pápá ń yọ̀. Wọ́n yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n fi wá sí ọ̀wọ́ kìíní. Ojú Bàbá Titirou yí padà díẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí Mátíà létí. Àṣàkẹ́ wọlé. Áà, ẹ̀yin ọmọ mi! Níbi tó ti kọ́kọ́ yí igi, ìdí ọkọ̀ fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìdí ewúrẹ́ tí wọ́n lé. Ó wó igi kan. Ó yí èkejì, ó tún wó o. Àwọn ènìyàn ń hó. Ó jáde, ó sáré bá mi, ó ní, "Ìyá Àgbà, mi ò mọ ọkọ̀ yìí mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́ jù. Kò fẹ́ dúró sílẹ̀." Bàbá Titirou ti ń bọ̀ wá síbi tí a wà, ó ti na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́ tí eré kò tíì parí.

Ibẹ̀ ni orí mi ti ṣí. Ọmọ yìí kò wa ọkọ̀ náà lófìfo rí! Ọjọ́ gbogbo ni ìdì aṣọ máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo sáré bá Músíọ̀ Onífèrè, mo ní ṣé a lè gbé ìdì aṣọ kan sẹ́yìn. Ó mirí. Ó ní ẹrù kò sí nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é. Mo fẹ́ máa sunkún nígbà tí mo rí tíṣà Faransé kan tó ń wọlé, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó so ìborí mọ́rí, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo na ìka sí i. "Ìyẹn ńkọ́?"

"Ènìyàn nìyẹn, Ìyá. Kò pọn dandan kí ìjókòó ṣófo."

Ó wò mí. Mo wò ó. Ó wo bí mo ṣe tóbi tó, ẹ má rò pé mo kéré o, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ìjókòó tiyín ni. Ẹ wọlé."

Mo ká ìró mi sókè, mo wọ ẹ̀yìn orogún mi lọ. Àṣàkẹ́ yíjú padà, ó ní, "Ìyá Àgbà, kí lẹ fẹ́ ṣe?" Mo ní, "Èmi ni ìdì aṣọ rẹ lónìí. Gbé mi lọ sọ́jà." Fèrè dún. Orí ìjókòó Ìyá Kétu ni mo wà tí ọkọ̀ fi gbéra. Mo mọ bí ẹrù mi ṣe máa ń yẹ̀ bí ọkọ̀ bá yí, mo ti ń wò ó láti ọdún pípẹ́. Nítorí náà bó bá fẹ́ yí sósì, èmi á ti sún sósì. Bó bá fẹ́ yí sọ́tùn-ún, èmi á ti wọ́ ara mi sọ́tùn-ún. Ìdí ọkọ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dúró gbọnyin! Mò ń ké, "Orogún mi, rọra! Orogún mi, sáré!" Gèlè mi fò jáde lójú fèrèsé. Mo gbọ́ ẹ̀rín Àṣàkẹ́ níwájú, ẹ̀rín bàbá rẹ̀ àgbà gan-an ni, mo sì mọ̀ pé a ti dé ọjà. Kò sí igi kankan tó wó.

Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ pé òun ló ṣe ipò kìíní ní ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó wà bí wọ́n ṣe ṣe é, Ìyá Kétu gbé mi mọ́ra débi pé èémí fẹ́ tán lára mi. Bàbá Titirou gba àárín èrò wá bá wa. Ọkùnrin ni o, kò sá fún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Àṣàkẹ́, ọkọ̀ tìrẹ ni." Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹrù ni mo ṣì ń kó."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ìmọ̀ràn mi rèé. Kí ẹ tó yọ nǹkan lára ọkọ̀ yín, kí ẹ tó fi nǹkan kún un, ẹ béèrè ọ̀wọ́ tí yóò gbé yín lọ. Ẹ má dúró títí wọn yóò fi máa wá ìjókòó yín lọ́jà. Èmi náà ń tọrọ ìmọ̀ràn: Mátíà fúnra rẹ̀, tó ti gba kámú, ní kí a dá láàmù padà, kí a lọ bá àwọn ará ọ̀wọ́ kejì jà lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣé kí n gbà? Àbúrò mi ní Ṣábẹ̀ yóò gbé ọwọ́ lérí! Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, a ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo wà níbi mi lẹ́yìn, a sì rí Bàbá Titirou lẹ́bàá ọ̀nà nínú òjò. Àṣàkẹ́ dúró. Bàbá náà ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wo aṣọ aláràbarà tó bo ìjókòó, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀." Mo sún. Mo sì sọ fún un pé bí ọmọ bá yí sọ́tùn-ún, kí ó rántí láti yẹ̀ sọ́tùn-ún.