Wọ́n Ní Láàpútọ́ọ̀pù Náà Fúyẹ́ Jù

Rárá, Ìyá Fáwùnmí, ẹ má wulẹ̀ bu omi fún mi, òùngbẹ kọ́ ló ń gbẹ mí. Bí mo bá mu omi báyìí, ọ̀rọ̀ yìí á tún bá a wọlé padà, bẹ́ẹ̀ mi ò lè fẹ̀jẹ̀ sínú kí n máa tutọ́ funfun jáde mọ́. Láti Lálúpọn ni mo ti gun ọ̀kadà wá bá yín lóko níbí, eruku ti bo gbogbo ojú mi, ọlọ́kadà ń bi mí lọ́nà pé ṣé òkú ń bẹ nílé ni. Mo ní kò sí òkú. Mo ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ń lọ bá, torí òun nìkan ló kù láyé tí bàbá mi lè gbọ́ sí lẹ́nu.

Ẹ fi ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ yẹn sílẹ̀ ná, ẹ jọ̀ọ́. Ẹjọ́ àbúrò yín ni mo wá fi sùn yín.

Ẹ ti gbọ́? Kí lẹ gbọ́? Wọ́n ní Múyìwá ló gbéraga? Pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, kò fẹ́ fẹ́ ọmọ oníṣẹ̀ṣe mọ́? Ṣé bí bàbá mi ṣe sọ ọ́ fún yín nìyẹn? Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀, kí n má baà fi orí rẹ̀ ṣe ìrù.

Ẹ mọ ilé-iṣẹ́ tí bàbá mi ti ń lọ oúnjẹ adìẹ ní Lálúpọn, tí èmi náà ń bá wọn jókòó sí ọ́fíìsì ibẹ̀. Láàpútọ́ọ̀pù méjì la ní. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n rà wọ́n, ìbejì ni wọ́n, ẹ ò lè mọ Táyé yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Bàbá mi ń lo ọ̀kan, èmi ń lo èkejì. Nígbà tó ṣe, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ pé kó tàn, ẹ ó lọ gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó padà wá bá a níbi tó ti ń pòòyì lójú kan. Oníbàárà á dúró títí, á ní ọkọ̀ tó fẹ́ kó ẹrù òun lọ Olódò ti fẹ́ fi òun sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí mi bí ẹni pé èmi ni mo di kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀.

Èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi fa ọ̀rọ̀ yìí. Mo sọ fún bàbá mi pé Olúmúyìwá lè tún un ṣe. Àfẹ́sọ́nà mi, ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Alákìá, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, òun tó wá kí yín nígbà ọdún tí ẹ ní ojú rẹ̀ tutù. Ó wá, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kọ̀ǹpútà ò tíì gbó, háàdì inú rẹ̀ ló ń fà á sẹ́yìn. Háàdì yẹn ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo ohun tó mọ̀ pamọ́ sí. Ti àtijọ́ ní àwo kan tó ń yí nínú rẹ̀, bí ẹ bá dẹ etí sí i ẹ ó gbọ́ tó ń kùn. Ó ní tuntun tó wà lóde báyìí, ẹ́sì-ẹ́sì-dí ni wọ́n ń pè é, kò sí ohun tó ń yí nínú ẹ̀, kì í kùn, ṣùgbọ́n ó yára ju ìyẹn lọ fíìfíì. Bàbá mi ní kó kọ́kọ́ ṣe tiwọn ná. Bó bá dára, kó wá ṣe tèmi.

Ojú wọn ló ṣe é, Ìyá Fáwùnmí. Àga ni wọ́n fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Múyìwá da gbogbo ohun tó wà nínú ti àtijọ́ kọ sínú tuntun, orúkọ àwọn oníbàárà, àwòrán ìgbà tí ẹ̀yin àti bàbá mi lọ kí àwọn ará oko, kò sí ẹyọ kan tó sọnù. Ó tú ìdí rẹ̀, ó yọ ti àtijọ́, ó ki tuntun bọ̀ ọ́, ó dè é padà. Ó wá di ti àtijọ́ sínú ọ̀rá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá mi, ó ní, "Ẹ tọ́jú ẹ̀ sà, tiyín ni." Ẹ ṣáà gbọ́. Ó gbé e fún wọn.

Kí wọ́n tó fa àga wọn sún mọ́ tábìlì, kọ̀ǹpútà ti tàn. Bàbá mi rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Wọ́n pa á, wọ́n tàn án, wọ́n tún pa á. Wọ́n ń pe àwọn tó ń kọjá lọ pé ẹ wá wo iṣẹ́ àna mi. Àna mi ni wọ́n pè é, wọn ò tíì rí owó orí, wọn ò tíì rí obì.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Sàníù dé. Ẹ mọ Sàníù, ọ̀rẹ́ wọn tó ń kó àgbàdo wá fún wa. Ó gbé láàpútọ́ọ̀pù náà lọ́wọ́, ó jù ú díẹ̀ bí ẹni tó ń wọn iṣu, ó ní, "Ifátọ́lá, èyí fúyẹ́ o." Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Sàníù gbé etí lé e, ó ní, "Kò tiẹ̀ mí. Ṣé ó dá ọ lójú pé ọmọ yẹn ò yọ ojúlówó inú ẹ̀ lọ?" Ó wá ń sọ ìtàn fóònù àna rẹ̀ kan tí wọ́n yọ inú ẹ̀ tà, ìtàn tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Ọ̀rọ̀ ẹnu Sàníù nìyẹn, òun ló wọ bàbá mi lára ju ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn rí lọ.

Wọ́n ní kí n gbé tèmi wá. Òṣùwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn oògùn tí a ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ, orí rẹ̀ ni wọ́n gbé àwọn méjèèjì sí lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú àwọn oníbàárà. Tèmi tí wọn ò fọwọ́ kàn wúwo ju tiwọn lọ. Bàbá mi dìde. Mo ní, "Bàbá, ohun tó wúwo yẹn ló wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e lé e kẹ́ ẹ wò ó." Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi mọ́, wọ́n ní ìfẹ́ ti bò mí lójú.

Wọ́n pe Múyìwá lórí fóònù, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sáré dé. Èyí tó wá burú nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń sin adìẹ ní Alákìá, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń ra oúnjẹ wọn kí èmi àti Múyìwá tó mọra rárá. Ó ti yan àpò tirẹ̀, ó jókòó lé e, ó ń retí ọkọ̀. Bàbá mi ò wo ojú ọmọ náà. Ìyá ni wọ́n yíjú sí. Wọ́n ní, "Ìyá Olúmúyìwá, ẹ kú iṣẹ́ o, olè lẹ bí."

Bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ẹ má ì bẹ̀ mí ná. Ó ṣì kù.

Múyìwá ò bínú. Ó tú ìdí láàpútọ́ọ̀pù náà níwájú gbogbo èèyàn. Tuntun tó wà níbẹ̀ kéré, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò ju ìka méjì lọ, ibi tí ti àtijọ́ wà sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bàbá mi na ìka sí ihò yẹn, wọ́n ní, "Kí ló wà níbí?" Ó ní èyí tó wà nínú ọ̀rá ni sà. Wọ́n ní, "Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. O yọ ohun tó kún ọwọ́, o fi ohun tó dà bí ìpékeré dí i." Sàníù wà lẹ́yìn wọn, ó ń mi orí. Bàbá mi wá ní bó bá dá a lójú, kó gé irin jẹ.

Ẹ rí i, Ìyá Fáwùnmí, nígbà tí wọ́n sọ ìyẹn, ara mi gan-an balẹ̀. Mo ní ó tán. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò sọ pé kó ṣe é, kò sọ pé kó má ṣe é, ó kàn ń wo ilẹ̀. Múyìwá mú irin tó fi ń tú kọ̀ǹpútà, ó fi ahọ́n kàn án, ó fi eyín gé e, ó ní bí òun bá mú ohunkóhun nínú ẹ̀rọ yìí, kí irin tí òun fi ń jẹun má jẹ́ fún òun mọ́.

Bàbá mi wá ní kó yọ tuntun ẹ̀, kó dá tàwọn padà síbi tó wà.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa nílé yìí pé ẹni tó bá ti gé irin jẹ, ẹjọ́ rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ èèyàn, ó di ọwọ́ Ògún. Ó gé irin jẹ. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ara rẹ̀ le. Kí ló tún kù tí bàbá mi ń wá? Ṣé bàbá mi ju Ògún lọ ni? Àbí irin tiwa nìkan ni Ògún ń gbọ́ tirẹ̀, kì í gbọ́ ti ọmọ Áńgílíkà?

Ó dá a padà. Ó fi tuntun sápò. Ìyá rẹ̀ dìde lórí àpò oúnjẹ tó ti yàn, kò gbé e, ó bọ́ sójú títì. Láti ọjọ́ náà kò rà lọ́dọ̀ wa mọ́. Ẹnìkan lára àwọn oníbàárà ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Àwọn kan ń wí pé ọmọ rẹ̀ jalè. Àwọn tí wọ́n mọ̀ pé kò jalè ń wí pé kí ló dé tó lọ ń gé irin jẹ bí abọ̀rìṣà. Ẹ sọ fún mi, ibo ló fẹ́ fi orí gbà? Mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Ọ̀ṣunlọlá, mi ò bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n màmá mi ò lè jókòó síwájú ẹni tó pè é ní ìyá olè, kó wá máa tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀." Ìdí tí wọn ò fi wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ lọ́jọ́ tá a dá nìyẹn. Ìgbéraga kọ́.

Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Mo ní bàbá mi ṣi nǹkan rò, àgbà náà ń ṣìṣe. Mo ń bá wọn lọ síbi iṣẹ́, mo ń tàn án, mo ń dúró, mo ń gbálẹ̀.

Àfi àná. Àná ni orí mi dàrú. Mo wọlé, bàbá mi tẹ tiwọn, mi ò tíì sọ báàgì mi kalẹ̀ tó fi tàn. Mo ní, "Bàbá, kí ló ṣe é?" Wọ́n ní iná dára lónìí. Iná kẹ̀? Jẹnẹrétọ̀ la tàn. Wọ́n ní bóyá torí ojú ọjọ́ tutù ni. Mo sún mọ́ ọn, mo dẹ etí. Kò kùn. Mo jáde lọ bá Sàníù níbi tó ti ń já àgbàdo sílẹ̀, mo ní, "Bọ̀dá Sàníù, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bá bàbá wá ẹni tó tún kọ̀ǹpútà ṣe." Inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ó yára, àbí? Mo sọ fún un pé ọmọ Olódò yẹn mọṣẹ́." Mo ní ṣé ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n nígbà tẹ́ ẹ dé? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ṣé ó yé yín? Ohun kan náà ni. Tuntun tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà, ihò kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n ti rí i pé kò sí olè. Ọ̀dọ̀ àlejò ni wọ́n yọ́ lọ, wọ́n ṣe nǹkan tí wọ́n torí ẹ̀ ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, wọ́n wá padà wálé, wọ́n fi orúkọ olè sílẹ̀ lórí ẹ̀. Àṣìṣe ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n mọ̀ tí wọ́n sì dákẹ́, òun ló ń dùn mí.

Mo bi wọ́n. Wọ́n ní ohun tó ti kọjá ti kọjá. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn lọ máa bẹ ọmọ kékeré ni. Wọ́n ní ilẹ̀kùn ṣí, bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n wá.

Kí lẹ wí? Ojú ló ń tì wọ́n? Mo mọ̀. Ojú ń ti bàbá mi, ni wọ́n bá gbé ìtìjú náà fún ìyá ẹlòmíì gbé lọ sílé. Àgbà wo nìyẹn? Mo mọ̀ pé bàbá mi ni. Bí kì í bá ṣe bàbá mi, ṣé mo ń sunkún ni? Ẹ má rò pé ọkọ nìkan ni mo ń bá kiri. Bí Múyìwá ò bá tiẹ̀ fẹ́ mi mọ́, obìnrin yẹn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìyá olè títí ayé nítorí ilé wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin lẹ jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ pọ̀n wọ́n. Lónìí ni, kì í ṣe ọ̀la. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Lálúpọn, ẹ mú wọn dìde, kẹ́ ẹ mú wọn dé Alákìá ní ọ̀sán gangan, kí àwọn aládùúgbò wà níta. Kì í ṣe Múyìwá ni mo ní kí wọ́n bẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni. Kí wọ́n sọ ọ́ sókè níbẹ̀ pé, "Ọmọ yín ò jalè."

Ẹ ń dìde? Ẹ ṣeun, ìyá mi. Mo ti ní kí ọlọ́kadà dúró dè wá.

Kí lẹ ní? Kí wọ́n mú àkùkọ kan dání, àti iṣu? Rárá o. Mo mọ bàbá mi. Bí ẹrù bá wà lọ́wọ́ wọn, ẹrù ni wọ́n máa gbé kalẹ̀, wọ́n á kí ilé, wọ́n á bi wọ́n pé báwo ni adìẹ, wọ́n á sì padà bọ̀ láì sọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹnu tí wọ́n fi pè é lólè, òun nìkan ni kí wọ́n gbé lọ.