Ẹmu tí Mo Tu Dànù ní Fájuyì

Ẹ̀yin tí ẹ ti mu ẹmu ní ìsọ̀ mi ní Fájuyì, òótọ́ tí mo dé mọ́ inú agbè, ó tó àkókò kí n ṣí i. Ara mi le, ikú kò lé mi. Ìwé tí mo fi ọjọ́ ogbó kọ́ ní kíláàsì àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo fi ń kọ ọ́.

Láti ìgbà tí owó Údọjì, àfikún owó oṣù ìjọba, ti dé ni àwọn tíṣà àti akọ̀wé ìjọba kò ti mu ẹmu mìíràn mọ́ àfi ti Adébíyìí, adẹ́mu ará Ìgbẹ́mọ̀. Irin gbígbóná ni ó fi kọ ìlà sí ọrùn agbè tirẹ̀. Ìlọ́po mẹ́ta owó ẹmu yòókù ni mo ń gbà, wọ́n á tún máa dúpẹ́. Nígbà tí Adébíyìí jábọ́ lórí ọ̀pẹ, ó ránṣẹ́ sí mi: “Ìyá Ẹ̀bùn, bí kò bá sí, ẹ sọ pé kò sí.” N kò sọ ọ́. Ìgèdè ni mo lọ, mo ra ẹmu ní pọ́ọ́kú lọ́wọ́ Ọmọ́níyì, ọ̀dọ́mọkùnrin adẹ́mu tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, mo sì ń dà á sínú àwọn agbè onílà tó ṣófo lọ́dọ̀ mi. Ojúkòkòrò ni, ẹ má bá mi wá orúkọ mìíràn fún un. Tíṣà Bámgbóyè mu ún, ó dijú. “Háà! Ìgbẹ́mọ̀ pọ́ńbélé! Ẹ má gbé ti Ìgèdè wá síwájú mi o, omi ìṣanwọ́ ni.”

Ọjọ́ tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ni Ọmọ́níyì wá wo ọjà, agbè tirẹ̀ lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín. “Tíṣà, èmi ni mo dá èyí tí ẹ ń yìn yẹn.”

“Ìwọ dà? Lọ bọ́jú ná!” Gbogbo wọn hó lé e lórí.

Ó bu ẹmu tirẹ̀ sínú ahá, ó kọ́kọ́ mu ún bí àṣà, ó wá nà án sí mi. “Yèyé, ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí mi.”

Bí ó ti dé ahọ́n mi ni mo mọ̀ ọ́n. Ẹmu kan náà ni. Mo tu ú sílẹ̀. “Ó ti kan,” ni mo wí. “N kò mọ ibi tí ọmọ yìí ti wá.” Tíṣà da ìyókù sí i lẹ́sẹ̀. Ọmọ́níyì kò bú mi. Ó wò mí, ó gbé agbè rẹ̀, ó lọ. Ó ti ta igbà tí ó fi ń gun ọ̀pẹ. Ẹrù ló ń rù ní gáréèjì báyìí.

Èmi tí mo ta ẹmu títí irun mi fi funfun ni mo ń sọ fún yín: ẹmu Adébíyìí dára, ṣùgbọ́n kò fi ìlọ́po mẹ́ta dára ju ti yòókù lọ. Ìlà ọrùn agbè ni ẹ ń sanwó fún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tọ́ nǹkan wò kí ẹ tó béèrè orúkọ rẹ̀.

Ọmọ́níyì, foríjì mí. Mo ti gbé igbà tuntun lọ sílé ìyá rẹ. Bí o bá tún dá ẹmu, gbé e wá sí Fájuyì, kí o na ahá sí mi níwájú wọn. N óò gbé e mì.