Ọjọ́ Tí Vihenda Panu Mọ́

Ẹ má wulẹ̀ fi tíì lọ̀ mí, ìyá àgbà, tíì kọ́ ló ń ṣe mí. Ọkọ̀ ti lọ. Mo gbọ́ ọ nígbà tó ń gun òkè Mbale, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, ẹ kàn ń fẹ́ iná bíi pé ẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀, òyìnbó ọmọ ìjọ Kúékà méje àti Pásítọ̀ Adagala, èmi tó yẹ kí n jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ rèé, mo ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ilé ta ni Ìyá Lijsbet, òyìnbó arúgbó yẹn, sùn sí? Ilé wa ni. Láti ìgbà tí ìpàdé àgbáyé ìjọ wa ti parí ní Kakamega, tí wọ́n pín àwọn àlejò sí ilé-ilé kí wọ́n lè mọ bí àwa Kúékà ibí ṣe ń gbé, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, ta ló ń gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀? Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé tí àwọn bá ń lọ wo ẹranko ní Nakuru, ọmọ yìí ni kó bá òun gbé ọ̀pá òun. Ẹ wà níbẹ̀.

Ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe tìtorí ẹranko. Kí ni mo fẹ́ fi kìnnìún ṣe? Ilé ìtura tí wọ́n máa sùn sí lẹ́bàá adágún yẹn, níbẹ̀ ni màmá mi ti ń fọ aṣọ ibùsùn. Ọdún méjì, ìyá àgbà. Ọmọ bíbí inú yín. Látọjọ́ tó ti lọ, tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ kí n lè dúró tì yín, ohùn rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́ lórí fóònù Bàbá Kidiga, ìyẹn náà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fẹ́.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Adìẹ. Mo gbà, èmi ni mo ké bí adìẹ tó ń yé ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́, nígbà tí àwọn àlejò dijú tí wọ́n dákẹ́ bí omi inú àmù, bí wọ́n ṣe ń sìn nílùú wọn. Àwa tí a máa ń kọrin títí òrùlé á fi mì, wọ́n ní ká jókòó ká dákẹ́ fún wákàtí kan, ta ni kò ní ṣe é? Òyìnbó kan bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga, ó ń wá ẹyin. Ẹ̀yin náà fi ìborùn bojú, mo rí èjìká yín tó ń gbọ̀n, ẹ má sẹ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, kí lẹ sọ? Ẹ ní tí ẹ bá tún gbọ́ ohùn mi nínú ilé Ọlọ́run níwájú àwọn àlejò, mi ò ní bá yín jẹun mọ́. Mo sì gbọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi tí mo máa gbọ́ràn, ẹ wo èrè tí mo rí gbà.

Sátidé, wọ́n tún jókòó, wọ́n dákẹ́. Mo ki etí léèsò tí mo ró mọ́ra bọ ẹnu. Bàbá Kidiga, akọ̀wé ìjọ, dìde tòun ti ìwé rẹ̀, ó ní ó yẹ kí àgbàlagbà bá àwọn àlejò lọ, kí Pásítọ̀ Adagala gba àyè kẹjọ, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó sọ ọ́. Ó wá dúró. Ẹ mọ bó ṣe máa ń dúró. Ìyá Lijsbet yíjú sí mi, ó ń retí. Mo wò yín, ìyá àgbà. Mo wò yín pẹ̀lú aṣọ lẹ́nu. Ẹ dijú, ẹ ń gbàdúrà.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kà á sókè pé gbogbo wa ti fohùn ṣọ̀kan. Ohùn wo? Ìjọ tí kì í dìbò, tó jẹ́ pé ẹni tó bá ti dákẹ́ ti gbà, èmi tí gbogbo Vihiga mọ̀ ní aláriwo, ìdákẹ́ mi ni wọ́n fi gba ìjókòó mi. Mo sáré bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ bà mí lórí, ó ní, "Ọmọ mi, ohun tí ìjọ ti kọ, a ò lè pa á rẹ́ àfi ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀." Ṣé ọkọ̀ máa dúró dè mí lójú ọ̀nà ní Kapsabet di oṣù tó ń bọ̀ ni? Ìyá Lijsbet dì mọ́ mi, omi bọ́ lójú rẹ̀, òun náà ní ìjọ ti sọ̀rọ̀. Ta ni kí n bá jà? Gbogbo wọn ló ń ṣe mí jẹ́jẹ́. Ká ní ẹnì kan tiẹ̀ gbá mi létí, ǹ bá mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Adagala tó ti rí kìnnìún títí ó fi sú u. Kí wọ́n tó dé Kapsabet á ti máa hanrun. Ǹ bá búra, ṣùgbọ́n Kúékà kì í búra, wọ́n ti gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi.

Ẹ ní apẹ̀rẹ̀? Mo mọ̀ pé ẹ fi apẹ̀rẹ̀ rán Pásítọ̀. Ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídùn, ẹ fi aṣọ pupa so ó, ẹ ní kó má tú u, kó fi lé màmá mi lọ́wọ́. Èmi ni mo bá yín di ìdí aṣọ mú.

Mi ò rẹ́rìn-ín. Èéfín ni.

Ó dáa. Agẹmọ kan wà nínú ẹ̀. Ó di ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú, kò dún, mo fi aṣọ bò ó kí ẹ tó dé. Ẹ jókòó, kò ní kú, mo fi àyè afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún un. Ṣé ẹ rántí èyí tí mo fi sínú bàtà màmá mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, bó ṣe fò gun àga tó ń ké "Vihenda", tí àwọn tó wà lódò gbọ́? Nígbà tí wọ́n bá débẹ̀, ó máa tú aṣọ yẹn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Á ké. Kò sì ní bi ẹnikẹ́ni pé ta ló ṣe é, orúkọ mi ló máa pè.

Ẹ wo èjìká yín, ìyá àgbà. Ẹ gbé tíì yẹn wá.