Rọ́bà Tí Wọ́n Ṣe fún Omi Gbígbóná

Nínú bọ́ọ̀sì láti Nichelino sí Torino, ní ilẹ̀ Ítálì, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ń gba iṣẹ́ fífọ kápẹ́ẹ̀tì ní òtẹ́ẹ̀lì, àti obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, tí báńdéèjì wà lápá rẹ̀. Wọ́n ń lọ ra rọ́bà tí omi gbígbóná ń gbà jáde látinú ẹ̀rọ wọn.

"Àbúrò, irú ti tẹ́lẹ̀ náà la máa rà. A ò kàn ní jẹ́ kí omi gbóná jù."

"Ẹ̀gbọ́n, omi tí kò gbóná ò lè yọ ọ̀rá lára kápẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin náà mọ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó lẹ rà fún mi. Ó rọ̀ bí ẹ̀bà lọ́wọ́ mi, ó bẹ́, omi sì bó mi lápá."

"Ṣebí mo ti bẹ̀ ọ́."

"Mo sì ti gbà, wallahi. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe fún omi gbígbóná lẹ máa rà lónìí."

"Èmi lò ń pàṣẹ fún?"

"Ẹ má bínú, sà. Awọ ara mi kọ́ lẹ ó máa fi dán rọ́bà wò."

Obìnrin náà ò gbé ohùn sókè rárá, síbẹ̀ èmi tí mo jókòó lẹ́yìn wọn, tí mo sì gbọ́ Yorùbá, ńṣe ni mo fọwọ́ kan apá ara mi.

Bọ́ọ̀sì dúró ní fermata wọn, ibùdókọ̀ tí wọ́n ti fẹ́ sọ̀. Ọkùnrin náà dìde, obìnrin náà ò mira.

"Èwo la máa rà, Ẹ̀gbọ́n?"

Ilẹ̀kùn ti fẹ́ pa dé.

"Ti omi gbígbóná. Ó yá, dìde!"

Nígbà yẹn ló tó dìde.